Ògùnpa ńkọ́, mà?

Ó di ọdún kẹjọ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS níṣẹ́ ìtàn n'Ìbàdàn kí ọmọbìnrin kan tó dá mi dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Mo ti kọ àkọlé sókè: Àwọn Ọ̀làjú Àfonífojì Odò. Mo to ìdí mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń tò ó lọ́dọọdún, pé odò fún wọn ní omi mímu, ilẹ̀ ọlọ́ràá, ẹja àti ọ̀nà ọkọ̀. Mo wá fi òwe dé e, mo ní omi ò lọ́tàá. Gbogbo wọn ń dà á kọ, kíláàsì pa lọ́lọ́, inú mi ń dùn bíi ti tíṣà tó rò pé òun ti ṣiṣẹ́.

Ọmọ náà nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ògùnpa ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Ògùnpa?"

"Odò lòun náà, mà. Ìyá àgbà mi ní ó gbé gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn lọ lọ́dún 1980. Ìgbà wo lòun máa fún wa ní ọ̀làjú?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó, mo ní Ògùnpa kéré, irú odò tí à ń wí kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ni mo ti gbọ́ tìyẹn. Ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 ṣojú èmi fúnra mi, mo rí afárá tí omi gbé, mo rí fìríìjì lórí igi. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bí odò bá lè ṣe ènìyàn báyìí, kí ló sún àwọn ará ìlú àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi lọ dúró sí etí omi tó ń kún bo bèbè? Ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn ò béèrè bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò bi í rí.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú kò ti inú ìwé wá. Ìyá tó bí bàbá mi ní àkùrọ̀ kan létí odò tó wà lẹ́yìn abúlé wa. Nígbà òjò, omi a bo gbogbo ibẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní í tọ̀ ọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, tí omi fà, ilẹ̀ a dúdú minijọ, ẹsẹ̀ a máa rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá àgbà a gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo sí i, nígbà tí oko àwọn ará òkè bá ti gbẹ táútáú. Àgbàdo tútù tí wọ́n ń ná bí ẹní ná wúrà ní oṣù kejì, tiwa ni. Kò da ajílẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Ó ní omi ló ń bá òun kó o wá.

Àkùrọ̀ ni Náílì! Àkùrọ̀ tó gùn láti ìpẹ̀kun kan Íjíbítì dé ìkejì. Mo ti ń kọ́ ọ lọ́dọọdún, n kò fi ọ̀rọ̀ yẹn pè é rí. Òjò tó ń rọ̀ lórí àwọn òkè Etiópíà láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, àsìkò tí tiwa náà ń rọ̀ níbí, ló ń gbá ẹrẹ̀ dúdú wá sí ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Odò a kún bo oko, a dúró díẹ̀, tó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá a fà, àgbẹ̀ a fúnrúgbìn sínú ẹrẹ̀ tútù. Mẹ́ta ni wọ́n pín ọdún wọn sí: ìgbà tí omi kún, ìgbà tí ilẹ̀ yọ jáde, ìgbà ìkórè. Kemet, ilẹ̀ dúdú, ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ àmì sára àtẹ̀gùn òkúta létí odò, bíi ti Elephantine, erékùṣù kan nínú Náílì, kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe ga tó. Omi kékeré, ìyàn. Omi àjùlọ, ilé wó. Omi tó ṣe déédéé, ọba ti mọ iye owó orí tí yóò gbà lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò ńlá Aswan ní 1970, ẹrẹ̀ ò rọ́nà kọjá mọ́, ajílẹ̀ inú àpò ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń rà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bu omi ẹrẹ̀ sínú ìgò ńlá kan, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sórí tábìlì. Kí aago tó lù, iyanrìn ti wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná lórí rẹ̀, omi funfun lókè pátápátá. Mo bi wọ́n pé ta ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní àkùrọ̀. Ọmọ mẹ́fà nawọ́, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Àwọn ló kọ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Náílì ò tíì dáhùn ìbéèrè Ògùnpa, torí odò tó níwà ni Náílì. Mesopotámíà, ilẹ̀ àárín odò méjì tó wà ní Ìráàkì òde òní, ló dáhùn rẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́ lórí àwọn òkè Tọ́kì ló ń kún Odò Tígírísì àti Yúfírétì, nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ló sì máa ń dé, nígbà tí ọkà bálì ti gbó lóko tó ń retí dòjé. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fúnrúgbìn ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, tí wọ́n nílò omi, odò ti rẹlẹ̀. Omi tó ń dé nígbà tí a ò ránṣẹ́ pè é, tó ń sá nígbà tí a ń wá a. Mo ní, "Ògùnpa wọn nìyẹn." Ọmọbìnrin náà mi orí bí àgbàlagbà.

Àwọn ará Súmérì, àwọn tó ń gbé gúúsù Mesopotámíà nígbà náà, mọ bèbè dí omi, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà fún un gba inú oko. Mo lè kọ ìyẹn sí bọ́ọ̀dù kí n sì máa lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kó àwọn ọmọ 32 lọ sẹ́yìn ilé ìwé lóṣù kejì, mo pín wọn sí ẹgbẹ́ márùn-ún, mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ́ kan àti ilẹ̀ tí kò ju ẹní méjì lọ. Dúrọ́ọ̀mù omi kan wà lókè. Mo ní bí omi bá gba ojú ọ̀nà tí ẹ gbẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ karùn-ún láìjá, mo ra mínírà fún gbogbo yín.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹgbẹ́ kìíní fi amọ̀ dí ojú omi ní ìpín tiwọn, wọ́n ní àwọn làwọn sún mọ́ orísun. Ẹgbẹ́ kejì wá yọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹnì kan máa pín omi, wọ́n sì fi ọmọbìnrin Ògùnpa yìí joyè. Ó mú ìwé dání, ó ń kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́lẹ̀ àti ẹni tó sá. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló dúró sí, ó ń nàka, ẹnì kan sì ń bá a di ìgò omi mímu rẹ̀ mú. Ọmọkùnrin kan ń kùn sí mi létí pé, "Mà, kò ṣiṣẹ́ kankan o." Mo ní kó lọ kọ gbólóhùn yẹn sínú nóòtì rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Bí mo bá fi odindi sáà ṣàlàyé bí ìjòyè ṣe yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù, kò lè yé wọn tó bẹ́ẹ̀. (N kò wá sọ fún wọn o pé omi ló bí ọba. Wọ́n ti ń gbẹ́ ojú omi kékeré ní Mesopotámíà tipẹ́tipẹ́ kí ọba kankan tó jẹ, ẹbí pẹ̀lú ẹbí ló ń ṣe é. Ìwé kan tí mo lò tẹ́lẹ̀ já a sí kúkúrú jù níbẹ̀.)

Lọ́jọ́ kẹrin, bèbè ẹgbẹ́ kẹta já. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ le, abẹ́ ògiri ni wọ́n wà tí wọ́n ń jẹ gúgúrú. Dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí yàrá tí akápò ilé ìwé ń kó ìwé ìdánwò sí, omi sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Páálí mẹ́ta rin gbingbin. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí "ẹ̀kọ́ ìtàn" ṣe di omíyalé. Mo jẹ̀bi, mo sì san owó páálí. Ohun tí mo fi bá ara mi wí ni pé mi ò wo ibi tí ilẹ̀ dà sí kí n tó gbé dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀, èmi tí mo ń kọ́ni bí omi ṣe ń ṣàn.

Lọ́jọ́ kejì kúẹ́rì, mo gbé òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, wọ kíláàsì. Ó tó nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta dúdú kan tí wọ́n padà rí ní 1901 ní Susa, ní ilẹ̀ Ìráànì, ó wà ní Paris títí di òní. Òfin kan níbẹ̀ ní bí ẹnì kan bá ya ọ̀lẹ tí kò tún bèbè tirẹ̀ ṣe, tí bèbè já, tí omi gbé oko lọ, kó san ọkà tó bàjẹ́. Bí kò bá ní í, kí wọ́n ta òun àti ẹrù rẹ̀, kí àwọn tí omi ba oko wọn jẹ́ pín owó náà.

Mo ò tíì parí rẹ̀ tí gbogbo ojú ti yí sí ẹgbẹ́ kẹta.

"Ẹ tà wọ́n, mà!"

A gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ní ẹgbẹ́ kejì ló ṣí omi lẹ́ẹ̀kan náà, òfin mìíràn sì wà fún ẹni tó ṣí omi láìbìkítà, kó wọn ọkà fún aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n ti kà á ju bí mo ṣe kà á lọ. Ẹnì kan dìde, ó ní ṣé wọ́n lè fi òfin yìí mú àwọn tó ń da ìdọ̀tí sójú àgbàrá Ògùnpa. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá ń ta irú wọn, ta ni yóò kù n'Ìbàdàn tí yóò rà wọ́n? Mo fi aago gbà wọ́n là.

Láti ibi ìwé tí ọmọbìnrin náà fi ń kọ orúkọ ni a ti dé orí ìwé kíkọ. Àwọn ọmọ máa ń rò pé àdúrà tàbí ìtàn akọni ni ènìyàn kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Àwọn wàláà amọ̀ tó pẹ́ jù tí wọ́n hú ní Uruk, ní gúúsù Ìráàkì, tí wọ́n ti lé ní 5,000 ọdún, ìwé ìṣirò ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: iye òṣùwọ̀n bálì, iye àgùntàn, iye ọtí tí òṣìṣẹ́ gbà. Mo yọ káàdì alájọ mi nínú báàgì, mo gbé e sókè. "Bàbá èyí nìyẹn." Mo ní kí wọ́n mú amọ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ọmọ ilé kéú ló pe orúkọ rẹ̀ kí n tó pè é. Wọ́n ní wàláà ni, pé àwọn náà máa ń fọ tàdáà kúrò lára tiwọn kí wọ́n tó kọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Súmérì ṣe ń fi omi po èyí tí wọn ò nílò mọ́, kí wọ́n tún un mọ. Esùsú ni wọ́n fi ń kọ tiwọn. Igi ìgbálẹ̀ tí a fi abẹ fá lórí ni a lò. Ọ̀pọ̀ fẹ́ fà á bíi bírò, amọ̀ ń tú, ń ṣù jọ lẹ́nu igi. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: ẹ gbé orí igi lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kúrò, àmì bí èèkàn á kù síbẹ̀. Èèkàn kan dúró fún ení, èyí tó dà bí igun dúró fún ẹ̀wá, tó bá sì di ọgọ́ta wọ́n á tún padà sí èèkàn kan. Látọ̀dọ̀ wọn ni ìṣẹ́jú 60 inú wákàtí ti wá. Ọmọ kan ní ṣé torí kí ni wọ́n ṣe mú ọgọ́ta. Mo ní kí òun náà wo ọgọ́ta tiwa dáadáa, ogún mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í ka nǹkan lọ́nà tó jọ ọ́ lójú.

Wàláà tí a sá sóòrùn sán. Èyí tó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yọ́. Mo kó mẹ́wàá tó kù lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà, ó bá mi kó wọn sínú iná èédú lẹ́yìn tó tajà tán, wọ́n sì pọ́n, wọ́n le. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé iná tó jó ààfin àwọn ìlú kan ló sun àwọn wàláà inú rẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ títí. Ọ̀tá dáná sun ilé, ó bá onílé tọ́jú ìwé.

Odò Indus ni wọn ò gbà gbọ́. Mo fi àwòrán Mohenjo-daro hàn wọ́n, ní ilẹ̀ Pakistan, ìlú tó ti lé ní 4,000 ọdún, tí wọ́n fi bíríkì sísun kọ́, bíríkì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì nínípọn rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ibi ìwẹ̀, omi ìwẹ̀ sì ń gba gọ́tà tí wọ́n bo lórí jáde sígboro. Gbogbo wọn wo gọ́tà ilé ìwé wa látojú fèrèsé, wọn ò sọ nǹkan kan. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọn ò rí ààfin níbẹ̀.

"Ta wá ni ọba wọn?"

Mo ní a ò tíì rí ààfin tó dájú, kò sì sẹ́ni tó tíì lè ka ìwé wọn. Ọmọ Ìbàdàn ò gbà pé ìlú tóbi tó bẹ́ẹ̀ kó má lólú. Wọ́n ní bóyá ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Inú tún bí wọn nígbà tí mo ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń tẹ́ ojú irin láàárín Lahore àti Multan ní nǹkan bí ọdún 1850-sí-1860 wú bíríkì Harappa, ìlú àtijọ́ mìíràn tí àwọn ará Indus kọ́, láti fi tẹ́ ìdí rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tí ó jẹ́. Ó di ọdún 1920 síwájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìlú náà dáadáa.

Odò Huang He ti Ṣáínà kò gbà ju ìdajì ọjọ́ kan lọ lọ́wọ́ mi, sáà ti ń parí. Ẹrẹ̀ àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ pọ̀ débi pé ìsàlẹ̀ odò ń ga sí i, bèbè náà ń ga tẹ̀ lé e, tí omi fi ń ṣàn lórí ju oko lọ láwọn ibì kan. Ohun tí wọ́n rántí níbẹ̀ ni pé àwọn ọba ìdílé Shang ní ìlú Anyang láyé àtijọ́ máa ń fi iná sun egungun èjìká màlúù àti ìgbá àyà ìjàpá, wọ́n á wo bó ṣe sán láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ tàbí eyín tó ń dun ọba yóò sàn. "Ìjàpá tún ti débẹ̀!" Ọmọ babaláwo kan wà nínú wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ mọ ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́ náà, kí n má purọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ pé ẹrú ló kọ́ àwọn pírámídì, torí bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Wọ́n ti hú abúlé àwọn òṣìṣẹ́ ní Giza, pẹ̀lú ilé búrẹ́dì àti sàréè tí wọ́n sin wọ́n sí nítòsí ibi iṣẹ́ wọn. Ní 2013, wọ́n rí ìwé papírọ́ọ̀sì ní Wadi al-Jarf létí Òkun Pupa, ìwé ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Merer, tó ń kọ ọjọ́ tí òun àti àwọn ọmọ abẹ́ òun fi ọkọ̀ gbé òkúta láti Tura, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, gba ojú Náílì lọ sí Giza nígbà ọba Khufu. Bàbá ọmọ kan wá bá mi nílé ìwé, ó ní mo ń ta ko Bíbélì. A jọ ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní, ìlú ìṣúra Pítómù àti Rámésésì ló wà níbẹ̀, kò sí pírámídì. Ó rọra pa ìwé dé, ó ní òun kàn wá kí mi ni.

Ìbéèrè tó le jù ló kẹ́yìn, mo sì ti mọ̀ pé yóò dé. "Odò Ọya wa ńkọ́, mà? Ó mà tóbi." Tẹ́lẹ̀, odò mẹ́rin ni mo ń kọ́, n óò ti ìwé dé, ọmọ á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn layé ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí mo mú wọn lọ sí Jenne-Jeno ní Málì, nínú ẹrẹ̀ Odò Ọya gan-an, níbi tí ènìyàn ti tẹ̀dó láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì Áfíríkà, tí ó di ìlú ńlá láìsí ààfin tí ẹnikẹ́ni rí. "Bíi ti Indus!" Mo wá mú wọn padà sí Ilé-Ifẹ̀, inú igbó, níbi tí kò sí odò ńlá kankan. Ìyẹn ò bá àkọlé orí bọ́ọ̀dù mi mu. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé mọ́ láti ìgbà kúẹ́rì, àwọn ọmọ náà sì ń jà á títí di òní pé omi ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ karùn-ún kí bèbè tó já. Èmi ní kò dé. Nígbà tí mo kó wàláà mẹ́wàá náà kúrò nínú eérú ìyá alákàrà, tí mo nù wọ́n, mo jókòó láti máa kà wọ́n. Lórí ìkẹrin, ọmọ tó ṣe é ya ìgò kan sókè. Àmì ẹ̀wá mẹ́ta, èyí tó dà bí igun, tẹ̀ lé e, èèkàn lásán méjì tẹ̀ lé ìyẹn: 32. Nísàlẹ̀, ó ya obìnrin onígèlè kan tó mú ẹfun dání. N kò wò ó kí n tó sun ún, kò sì yọ́ nínú omi mọ́. Orí tábìlì mi ló wà.